Amáánà ni Ìwé Ẹ̀sùn: Bí A Ṣe Ń Kó O Láti Sẹ́fà Kan Bọ́ Sí Òmíràn

  

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ó kan Alfa nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ amáánà ni a ń sọ, èyíinì ni ohun tí ẹlòmíràn fi ọkàn tán wa gbé sí wa lọ́wọ́. Nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí á dá irú ohun bẹ́ẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni í. Ẹni tí ó bá kọ ìṣòro rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ ti gbé amáánà fún ẹgbẹ́. Bí ìwé náà bá sọnù, kì í ṣe ìwé nìkan ni ó sọnù.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìwé ńlá kan ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń kọ ẹ̀sùn tẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ ìsìnkú, owó ilé-ìwé ọmọ, aáwọ̀ láàárín oníṣòwò, àtẹni tí ó ń wá ọ̀nà àtipadà sílé. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ wa gbé osTicket wá. Ètò kọ̀ǹpútà ni, a kì í fi owó rà á, àwọn ilé-iṣẹ́ ní oríṣiríṣi ilẹ̀ sì ń lò ó láti gba ẹ̀sùn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó ní ìṣòro yóò kọ ọ́ láti orí fóònù rẹ̀, ètò náà yóò fún un ní nọ́ńbà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ìgbìmọ̀ yóò sì dá a lóhùn lábẹ́ nọ́ńbà yẹn kan náà. Orí sẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Sẹ́fà ni kọ̀ǹpútà tí a kì í pa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù mìíràn lóhùn.

Sẹ́fà wa àkọ́kọ́ gbó. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ti bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà a ra òmíràn. Ọ̀dọ́ kan bá wa da fódà osTicket sórí fúláàṣì, ó sì gbé e sórí sẹ́fà tuntun. Nígbà tí ó kọ̀ láti ṣí, ó tún ètò náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ewé tí a mọ̀ sì yọ. Gbogbo wa ṣe alihamudulilahi. A nu ti àtijọ́ mọ́ tónítóní, a sì tà á ní ọjọ́ kejì. Ìgbà tí akọ̀wé wọlé láti ka ẹ̀sùn ni a tó mọ̀ pé kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

Ìyá kan wà láàárín wa tí ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ènìyàn mẹ́ta jẹ olóògbé ní gbèsè ọjà. Ìyá náà ya àwòrán ìwé gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ lè bá a pe àwọn onígbèsè. Lẹ́yìn náà òjò wọ yàrá rẹ̀, ó ba ìwé jẹ́. Olè sì gba fóònù rẹ̀. Kò bọkàn jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀dà wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, ojú ilẹ̀ ni a ń wò. Méjì nínú àwọn onígbèsè bẹ̀rù Ọlọ́hun, wọ́n san tiwọn. Ẹnì kẹta ní òun kò jẹ olóògbé ní kọ́bọ̀. Àwa tí a rí ìwé náà mọ̀ pé ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí iye rẹ̀ dáadáa, ìwé tí ì bá jẹ́rìí kò sì sí mọ́. Owó ọmọ òrukàn ni.

Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátù Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Ìyá yìí ṣe tirẹ̀. Àwa tí ó gbé e fún ni a kò tọ́jú rẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú jàmáà, ẹgbẹ́ sì dá owó fún àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n owó tí a dá kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí wọ́n pàdánù. Nítorí èyí ni a ṣe lọ kọ́ bí a ṣe ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí a sì ń kọ́ yín náà.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ ẸRÙ NÁÀ?

Àṣìṣe wa ni pé a rò pé fódà kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹrù mẹ́rin ni.

Èkínní, ètò náà fúnra rẹ̀. Èyí ni ó ṣe é sọnù jù, nítorí a lè tún gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é.

Èkejì, dátábéèsì, èyíinì ni àká tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ wà. MySQL, tàbí MariaDB tí ó jọ ọ́, ni osTicket ń lò. Kò sí nínú fódà osTicket rárá. Ibòmíràn lórí sẹ́fà ni ó ń gbé. Èyí gan-an ni a gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, fáìlì ètò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ost-config.php, tí ó wà nínú fódà include. Orúkọ dátábéèsì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SECRET_SALT náà wà níbẹ̀. Òun ni ètò náà fi ń ti ọ̀rọ̀ aṣínà í-meèlì mọ́ inú àká. Bí kọ́kọ́rọ́ yìí bá yí padà, ẹ̀sùn yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n í-meèlì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí a ó fi tún ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kọ wọlé.

Ẹ̀kẹrin, àwòrán àti ìwé tí àwọn ènìyàn so mọ́ ẹ̀sùn wọn. Bí a kò bá yí nǹkan kan padà, inú dátábéèsì ni osTicket ń kó wọn sí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa yí i kí ó lè máa kó wọn sínú fódà ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí fódà yẹn bá kù sẹ́yìn, ẹ̀sùn yóò dé láìsí ẹ̀rí.

BÍ ÀWỌN AṢÍWÁJÚ WA ṢE ṢE

A kò fi ìwé ẹ̀sùn wé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, asitagifirulai. Ìṣesí àwọn tí a fún ní amáánà tí ó tóbi jù ni a fẹ́ wò.

Lẹ́yìn ogun Yamama, ní nǹkan bí ọdún 12 Hijira (633), níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí ti kú, Umar gba Kàlífà Abubakar nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé. Zaid ọmọ Thabit ni a gbé iṣẹ́ náà fún. Kò gbára lé iyè inú ara rẹ̀ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó há a. Ó wá a lára ohun tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì wá a lọ́dọ̀ àwọn tí ó há a. Àwọn ìwé náà wà lọ́wọ́ Abubakar títí ó fi kú, lẹ́yìn náà ó wà lọ́wọ́ Umar, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Hafsat ọmọ Umar. Nígbà tí Kàlífà Usman fẹ́ ṣe ẹ̀dà, ó yá wọn lọ́wọ́ Hafsat. Zaid àti àwọn mẹ́ta mìíràn da wọ́n kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n parí, Usman dá ìwé Hafsat padà fún un, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńláńlá. Ṣáájú gbogbo èyí, Màláíkà Jibril a máa bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka Àlùkùránì lọ́dọọdún nínú Ràmàdáànì. Ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn láyé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a rí kọ́ níbẹ̀: kí á da ẹ̀dà láti ara ojúlówó, kí á má ba ojúlówó jẹ́ nígbà tí ẹ̀dà kò tíì pé, kí ẹ̀dà má wà ní ìlú kan ṣoṣo, kí á sì máa kà á padà. Ilé kéú wa náà ni: ọmọ kéú tí ó kọ wàláà rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ títí yóò fi kà á fún Alfa. Alfa kì í fọ wàláà kí ọmọ tó kà á.

ÌGBÉSẸ̀ KÍKÓ RẸ̀

Nígbà tí a tún fẹ́ ṣí ní ìgbà kejì, báyìí ni a ṣe é. Ẹ fi hàn àwọn ọmọ yín tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

1. Ẹ ti ilẹ̀kùn ná. Nínú ojú ewé alábòójútó osTicket, ibì kan wà tí a ti lè sọ pé ètò náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dá iṣẹ́ tí ó ń fa í-meèlì wọlé dúró. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn yóò máa wọ inú ti àtijọ́ nígbà tí ẹ ń kó ẹrù lọ, kò sì ní bá yín débẹ̀.

2. Ẹ kà á. Ẹ̀sùn mélòó ni ó wà? Kí ni nọ́ńbà èyí tí ó dé kẹ́yìn? Ìwé àsomọ́ mélòó? Ẹ kọ ọ́ sórí tákàdá, kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí i. Oníṣòwò kì í kó ẹrù sọ́kọ̀ láìka àpò.

3. Ẹ da dátábéèsì kọ. Irinṣẹ́ tí ó ń jẹ́ mysqldump ni a fi ń ṣe é. Yóò kó gbogbo àká náà sínú fáìlì kan. Kí ẹ má ṣe da fódà MySQL nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ sọ fún irinṣẹ́ náà pé utf8mb4 ni irú lẹ́tà tí ẹ fẹ́. Àwa ni èyí kàn jù. Láìsí i, ẹ̀sùn tí a fi èdè wa kọ lè dé pẹ̀lú àmì ìbéèrè ní ipò ẹ, ọ àti ṣ, àwọn orúkọ tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ sì lè di rúdurùdu.

4. Ẹ da ost-config.php àti fódà àsomọ́, bí ó bá wà, kọ pẹ̀lú.

5. Ẹ gba àmì ìdánimọ̀ fáìlì. Irinṣẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ sha256sum. Ó máa ń ka fáìlì, a sì fún wa ní àmì kan tí ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ẹ gbà á lórí sẹ́fà àtijọ́, kí ẹ tún gbà á lórí tuntun. Bí ó bá dọ́gba, fáìlì dé pé. Bí ohun kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú fáìlì, àmì náà yóò yàtọ̀.

6. Ẹ to sẹ́fà tuntun. Ẹ̀dà osTicket kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́ ni kí ẹ fi sí i, pẹ̀lú PHP tí ẹ̀dà yẹn lè bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a ń kó ẹrù kọ́ ni a ń tún ilé kọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ lè wá gbé e sókè sí ẹ̀dà tuntun. Ẹ dá dátábéèsì òfìfo sílẹ̀, ẹ da fáìlì sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ost-config.php sí ààyè rẹ̀. Ẹ lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì inú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí ẹ má fọwọ́ kan SECRET_SALT. Ẹ yọ fódà setup kúrò, kí àlejò má baà rí ọ̀nà gbà wọlé.

7. Ẹ kà á padà. Ṣé iye ẹ̀sùn dọ́gba pẹ̀lú ti orí tákàdá? Ẹ ṣí èyí tí ó pẹ́ jù, ẹ ṣí èyí tí ó dé kẹ́yìn, ẹ ṣí èyí tí ó ní àwòrán, kí ẹ sì wo àwòrán náà gan-an. Ẹ ṣí èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ. Kí ẹnì kan kọ ẹ̀sùn ìdánwò, kí ẹlòmíràn dá a lóhùn, kí ẹ wò bóyá í-meèlì dé.

8. Ẹ wá darí orúkọ ojú ewé náà sí sẹ́fà tuntun. Ó lè gba wákàtí díẹ̀ kí gbogbo fóònù tó mọ̀ pé ẹ ti ṣí. Ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn ti àtijọ́ padà ní gbogbo àkókò yẹn.

9. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ní ọjọ́ kìíní, ẹnì kan yóò ṣí i láàárín oṣù yẹn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó nù ún, kí ẹ sì nù ún dáadáa kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

LẸ́YÌN TÍ A TI KÓ O DÉ

Ṣíṣí láti sẹ́fà kan sí òmíràn kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìpamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojoojúmọ́. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, fi ìlànà kan hàn tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Àwa ní ọ̀kan lórí sẹ́fà, ọ̀kan lórí hádì dísíìkì nínú ọ́fíìsì, àti ọ̀kan tí alága ìgbìmọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀kan wa ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, níbi tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, nu dátábéèsì wọn nù ní alẹ́. Sẹ́fà kejì ni ó rò pé òun wà. Ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún ni wọ́n ní, kò sì sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa da dátábéèsì kọ kò bá ẹ̀dà dátábéèsì wọn mu, nítorí náà kò kọ nǹkan kan. Í-meèlì tí ì bá sọ fún wọn pé kò ṣiṣẹ́ kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ yìí kan náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó kó wọn yọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn kò padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sẹ́fà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn kan tí ẹ̀dà wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, kí á má kà á sí ẹ̀dà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa mú ọ̀kan, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí ẹ̀sùn márùn-ún nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ànábì dá a lóhùn pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tí ó ní Ọlọ́hun yóò ṣọ́ kọ̀ǹpútà òun tí kò ní ẹ̀dà, kò tíì so ràkúnmí.

ÀṢÍRÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN

Bí ẹ̀dà bá pọ̀, ọ̀nà tí àṣírí lè gbà tú pọ̀ pẹ̀lú. Aáwọ̀ tọkọtaya wà nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí, àìsàn wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tí ó bá kó ìsọfúnni ènìyàn jọ dáàbò bò ó. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹ̀dà pa kí ó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Kí ẹni méjì tí ẹgbẹ́ fọkàn tán mọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹnì kan lè kú, ẹnì kan sì lè ṣí kúrò nílùú. Kí a má sì gbé e sórí fúláàṣì tí a fi ń gbọ́ wáàsí nínú ọkọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Nínú ẹrù mẹ́rin, èwo ni ẹgbẹ́ wa gbàgbé ní ìgbà àkọ́kọ́?
2. Kí ni ó yẹ kí á ṣe kí á tó nu sẹ́fà àtijọ́?
3. Kí ni Kàlífà Usman ṣe sí ìwé Hafsat lẹ́yìn tí ẹ̀dà parí, kí sì ni ó kọ́ wa?
4. Ìgbà wo ni ẹ ṣí ẹ̀dà ìpamọ́ ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù tiyín wò kẹ́yìn?

Ìbéèrè kẹrin yẹn kan gbogbo ilé. Ìwé ọjà yín, ìwé ẹ̀rí ọmọ yín, ìwé ilẹ̀ yín nílé: bí ó bá jẹ́ inú fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ dìde lónìí.

Kí Ọlọ́hun forí ohun tí a ti pàdánù jì wá. Kí ó jẹ́ kí ọwọ́ wa mọ́ nínú amáánà. Kí ó bá àwọn ọmọ òrukàn wa gba ẹ̀tọ́ wọn, kí ó sì dá gbogbo wa padà sílé láyọ̀. Àmín.